Pupa Ni Aṣọ Yẹn

Ògiri ìsọ̀ obì ní Sábó, Ṣágámù,
ni wọ́n fi efun kùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.
Kò tíì gbẹ tán tí Ṣóbọ̀wálé fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé,
ó gbé e ka orí agbọ̀n mẹ́ta tí a dojú wọn délẹ̀,
ó ní kí á pa fìtílà.

Òkùnkùn ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀,
tínrín bí òwú tí aláǹtakùn ta sẹ́nu ọ̀nà,
eruku obì ń jó nínú rẹ̀.
Ó dé ara ògiri, ó di igbó:
igi tí kò rántí àwọ̀ ewé,
kùrukùru tó ń wọ́ nílẹ̀ bí ìró opó,
ààfin kan lókè réré, fèrèsé rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Ọmọbìnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn
pẹ̀lú fìtílà tí kò tàn kọjá ọwọ́ rẹ̀.
Òjìji rẹ̀ gùn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì;
ó dúró, òjìji kò dúró.
Àwọn ọmọdé sá sẹ́yìn ìyá wọn.
Ó ti fẹ́ ọba kan tí dígí kọ̀ láti rí,
bẹ́ẹ̀ ni Ṣóbọ̀wálé ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa
(òun náà kò gbọ́ èdè yẹn, a mọ̀, a kò sọ).
Omi ń ṣàn láìdún, bí òjé tí a yọ́.
Ẹ̀gún gún ọmọ náà níka,
ẹ̀jẹ̀ tó kán dúdú bí tàdáwà.
Ọmọńlé kan rìn kọjá lójú ọba,
ó sinmi díẹ̀ níbi imú.
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tún bà wá.

"Aṣọ wo ló wọ̀ yìí?" Bàbá Ọnàfowókàn bèèrè láti ẹ̀yìn.
"Àlùkò ni."
"Àlùkò kẹ̀? Funfun tó ti gbó ni."
Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi, Efúnyẹlá,
tó ti ń ṣa obì láti ìdájí,
pupa sí ọ̀tún, funfun sí òsì,
tí oje obì ti pa èékánná rẹ̀ láró,
kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn:
"Pupa ni aṣọ yẹn.
Mo mọ bí pupa ṣe ń dúró
bí wọ́n bá gba àwọ̀ lára rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó já a níyàn.
Èmi, láti ìgbà náà, pupa ni mo rí.

Fíìmù já kí ọba tó rí ojú ara rẹ̀.
Ògiri tún di ògiri, efun rẹ̀ ń rùn.
Ṣóbọ̀wálé ní kí á padà wá lọ́la;
lọ́la, ó ti wà ní Ìṣarà.

Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀.
Mo ti rí pupa níbẹ̀ tó ń pariwo bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú.
Kò sí èyí tó dúró.

Lọ́dún tó kọjá, awọ kan tẹ́ sí ẹyinjú Efúnyẹlá,
funfun bí omidùn.
Ó ní gbogbo Mákùn ti di sinimá:
ohùn èèyàn ń ṣáájú wọn jáde nínú kùrukùru,
ilé ń dúró bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó má mira.
Kò ráhùn. Ó ṣì ń ṣa obì,
àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó na ẹyọ kan sí mi:
"Àwọ̀ wo nìyí?"
Iná ti lọ. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé,
mo yí i, mo tún yí i.
Eérú ni mo rí.
Ó dúró títí,
ó gbà á padà lọ́wọ́ mi,
ó jù ú sí ọ̀tún.